Ẹ Kú Ewu Ọmọ

Ìlà àkọ́kọ́ ni aránṣọ ń kọ lọ́wọ́ tí ọmọ fi ké. Ó ki pẹ́ńsùlù bọ irun, ó gbé ọmọ sọ́yàn, ó sì ń wo bébà tó tẹ́ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, níbi tó kọ ọ́ sí pé, "Bí mo ṣe bí ọmọ mi nìyí." Ẹni tó bá ní ìwé kíkọ ò nira, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ bímọ tuntun ná, kó fi ọwọ́ kan gbé e, kó wá fi ọwọ́ kejì kọ̀wé, ká wo ibi tó máa bá a dé.

Bébà náà gan-an kì í ṣe bébà ìwé. Bébà ńlá rúsúrúsú tí àwọn aránṣọ fi ń gé àwòṣe ni. Ó ti fi gé apá ẹ̀wù oníbàárà kan tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá ń kọ nǹkan sí, torí òun ló bá nílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n tòní ò ṣeé sún síwájú mọ́. Lọ́sàn-án yìí ni ìgbìmọ̀ ọsibítù máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́yin. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ẹ̀rí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó fi ránṣẹ́. Wọn ò gba ẹ̀rí ẹnu, wọ́n ní ariwo àwọn obìnrin ti pọ̀ jù.

Ẹlẹ́yin ni obìnrin tó ń ta ẹyin ní oríta. Ọjọ́ kan náà ni òun àti aránṣọ rọbí, yàrá kan náà ni wọ́n tẹ́ wọn sí, bẹ́ẹ̀dì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Aránṣọ gbé ọmọ wálé. Àpò aṣọ ìkókó tí Ẹlẹ́yin gbé lọ, bó ṣe gbé e lọ ló ṣe gbé e bọ̀, wọn ò tú u rárá.

Lánàá ni Ẹlẹ́yin wá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò gba àga, kò gba omi. Ó ní ọsibítù ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò pe ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, pé ńṣe lòun dákẹ́ síbẹ̀ títí ọmọ fi kú, nítorí náà kò sí ẹni tó jẹ̀bi àfi òun tóun dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, òun ò mọ̀wé.

"Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ tó gbọ́ mi," ó wí. "Mi ò ní kó o kọ ìtàn mi. Kọ bí o ṣe bí tìẹ. Igbe mi á wà nínú ẹ̀."

Aránṣọ ṣèlérí fún un. Ìlérí ọ̀hún ló wà nílẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí ọmọ ń mu ọyàn lé e lórí.

Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, gbé omi gbígbóná wọlé, ó rí bébà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìyá ìkókó tó bá tẹrí ba kọ̀wé, ọrùn á máa ro ó títí ọjọ́ ogbó ni. Ó ní ojú rẹ̀ á fọ́. Ó ní ìrẹsì tóun gbé síwájú rẹ̀ látàárọ̀ ti di, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá jẹun, kí ni ọmọ fẹ́ fà lára rẹ̀, ṣé ìtàn ni ọmọ máa mu? Aránṣọ bu ìrẹsì náà jẹ kí àlàáfíà lè wà. Ó jẹ ṣíbí kan, ó kọ ọ̀rọ̀ kan. Màmá tún ní ó ń ta ọbẹ̀ sórí ohun tó ń kọ, ó sì ń ta á lóòótọ́.

Ká sọ tòótọ́, Màmá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń dáná, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ò sì dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń gún aránṣọ bí abẹ́rẹ́ tó há sínú aṣọ. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ló ń sọ fún pé, "Wẹ́rẹ́ báyìí ló bí i." Ó ti sọ ọ́ fún onílé, ó ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń pọn omi. Bí ènìyàn ò bá ṣọ́ra, kò ní pẹ́ tí aránṣọ fúnra rẹ̀ á fi máa bá wọn sọ ọ́, torí ìtàn tí wọ́n bá ti sọ síni létí lójoojúmọ́, ó pẹ́ ni, ó yá ni, á di tẹni.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Rédíò fi wọlé. Alágbàfọ̀ tó ń gbé yàrá kejì ni, ó ń kó aṣọ tó lọ̀ kiri ilé àwọn oníbàárà, ó sì ń kó ọ̀rọ̀ bọ̀. Wọ́n ń pè é ní Rédíò torí wọn ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń yìn ín. Ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ, bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, kì í bù lé e, kì í sì í yọ nínú rẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ o," Rédíò wí.

"Ewu iná kì í pa àwòdì," Màmá gbà á kí aránṣọ tó lanu.

Rédíò bi aránṣọ pé kí ló ń kọ, ó sì sọ fún un. Ó ní òun ń kọ bí wọ́n ṣe ṣe òun ní ọsibítù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti béèrè ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Màmá wúkọ́. Ikọ́ tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. Rédíò gbọ́ èdè, ó ní Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kí wọ́n jẹ́ ká máa dúpẹ́, ó sì yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Ó ní lágbègbè, wọ́n ń sọ pé Ẹlẹ́yin ló pa ọmọ ara rẹ̀, pé ó ń ru ẹyin kiri títí dọ́jọ́ tó bí, pé kò lọ sí ọsibítù bọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n tún ní obìnrin tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é?

"Ta ló ní ó dákẹ́?" aránṣọ bi í.

"Wọ́n ní ó wà nínú ìwé ni."

Kí ènìyàn má wulẹ̀ bínú mọ́, ó ṣòro. Gbogbo ayé ló ń kí ìyá ìkókó kú ewu, kò sí ẹnì kan tó fẹ́ gbọ́ ewu ọ̀hún. Bí a bá ti ní ewu iná kì í pa àwòdì tán, ọ̀rọ̀ bùṣe, a ó béèrè oúnjẹ, a ó ní ọmọ jọ bàbá rẹ̀, a ó dìde.

Nígbà tí Rédíò lọ tán tí ọmọ sì sùn, aránṣọ fi ìrẹsì sílẹ̀, ó yọ pẹ́ńsùlù nínú irun, ó sì kọ ọ́ láìgbé orí sókè. Ọ̀rọ̀ tó tò jọ nínú rẹ̀ ló ń tú jáde. Lápá ìparí, ohun tó kọ nìyí:

"Mo ní omi ti ń jáde lára mi. Olórí nọ́ọ̀sì ní kí n pa ẹnu mi dé, ó ní nígbà tí mò ń gbádùn ara mi, ṣé mo pe òun. Mo tún kígbe, ó gbá mi létí. Wọ́n wọ yàrá wọn lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Bẹ́ẹ̀dì ga jù, ni mo bá sọ̀kalẹ̀, mo bí ọmọ mi sórí ilẹ̀, ìró mi ni mo fi gbà á. Ẹlẹ́yin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ké ní gbogbo ìgbà yìí pé, Ẹ gbà mí o, ẹsẹ̀ ọmọ ló ń jáde. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì ń gbọ́ràn pẹ̀lú. Ilẹ̀kùn yẹn ò ṣí."

Ó kà á, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti bímọ.

Ọ̀sán pọ́n, ọkọ rẹ̀ wá jẹun. Dẹ́rẹ́bà ni, mọ́tò ọsibítù yẹn gan-an ló ń wà, òun ló ń gbé àwọn nọ́ọ̀sì lọ tó ń gbé wọn bọ̀. Ó fi mọ́tò sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó rí bébà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ṣé wọn ò jọ sọ ọ́ tán lánàá ni pé kó fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Aránṣọ ní wọn ò jọ sọ nǹkan kan, ọkọ nìkan ló sọ̀rọ̀, òun ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà gbóhùn sókè, ọmọ jí, Màmá ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ará ilé gbọ́ o, ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà.

"Olórí nọ́ọ̀sì jókòó lẹ́yìn mi nínú mọ́tò láàárọ̀ yìí," Dẹ́rẹ́bà wí. "Ó ní, ìyàwó ẹ ńkọ́, mo gbọ́ pé ó mọ̀wé kọ dáadáa. Kí lo rò pé ó ń kí mi fún?"

"Èmi náà ti kí i rí," aránṣọ dáhùn. "Mo kí i lórí ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá mi létí, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ lẹ wà, ẹ ń fọ mọ́tò wọn."

Dẹ́rẹ́bà ń yí ṣíbí nínú àwo, Màmá sì ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe, Dẹ́rẹ́bà ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nu ọwọ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní ó dáa, ó ti yé òun. Ó ní ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn, bí wọ́n bá rí bébà tí wọ́n fi gé apá ẹ̀wù, tí ọbẹ̀ tún ta sí, wọn ò ní kà á, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi í rín. Kó mú un wá, kí òun bá a dà á kọ sórí bébà onílà, kí òun fi bírò kọ ọ́. Òun náà ló máa gbé e lọ, kó má baà fi ara tútù wọ oòrùn.

Inú aránṣọ dùn gan-an. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ọkọ òun dára nínú ìwé kíkọ, òun ló ń kọ orúkọ sára àpò àwọn nọ́ọ̀sì. Ó bu ẹran kún àwo rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kọ̀yìn sí wọn, ó ń kọ ọ́. Màmá ní àkókò ìwẹ̀ ọmọ ti kọjá, ni aránṣọ bá bá a dì í mú nínú ọpọ́n ìwẹ̀, ọṣẹ dé e nígùn-únpá. Nígbà tí Dẹ́rẹ́bà parí, ó ní òun gbọ́dọ̀ máa lọ, kí òun kà á sí i létí. Ó dìde, ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó ka ìbọ̀wọ́. Ó ka ìgbátí. Ó ka tẹlifíṣọ̀n àti ilẹ̀. Nígbà tó dé ibi igbe Ẹlẹ́yin, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kà á, pé ẹsẹ̀ ọmọ ló ń jáde, pé ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Aránṣọ rò pé àánú ló ṣe ọkọ òun. Ó nu ọwọ́ ọ̀tún, ó fọwọ́ sí i, omi ọṣẹ kán sórí orúkọ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ, ó ká a, ó sì jáde lọ wa mọ́tò rẹ̀.

Kò jẹ ẹran yẹn. Màmá ló kọ́kọ́ rí i, ó ní kí ló ṣe ọmọ òun tó fi ẹran sílẹ̀.

Aránṣọ sùn lọ́sàn-án náà, oorun tó ti wọ́n lójú rẹ̀. Nígbà tó jí, oòrùn ti rọlẹ̀, Dẹ́rẹ́bà ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ń bọ́ bàtà, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí aránṣọ tó bi í pé báwo ni, Ẹlẹ́yin ti wọlé.

Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó. Ó gba omi, ó mu ún tán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ, ó ní wọ́n ka ìwé rẹ̀ sókè níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, ìwé náà sì dùn ún gbọ́. Ó ní nígbà tí wọ́n kà á dé ibi ìgbátí, olórí nọ́ọ̀sì sọ ojú sílẹ̀.

"Mo ń dúró de ara mi," Ẹlẹ́yin wí. "Mo ní, ó kù díẹ̀, wọ́n á kà mí. Wọ́n kà á tán, mi ò sí níbẹ̀."

Aránṣọ ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́yin ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní alága wá gbé ìwé náà sókè, ó ní ẹ wo obìnrin tí kò fi nǹkan kan pamọ́, títí kan ìgbátí tí wọ́n gbá a. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú obìnrin yìí, ṣé kò ní kọ ọ́? Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì lọ bẹ aránṣọ fún ìgbátí. Wọ́n ní ti Ẹlẹ́yin ti parí, kó máa lọ sílé, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n tún ti ń gbọ́ ọ.

Gbogbo òótọ́ tó kù nínú ìwé náà ni wọ́n wá fi ti irọ́ lẹ́yìn. Ká ní aránṣọ ò kọ nǹkan kan rárá ni, ì bá sàn fún obìnrin yìí. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kà á sí mi létí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

"Mo kà á," Dẹ́rẹ́bà wí. "Mi ò kọ ọ́."

Ó ń wo bàtà rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé bí òun ò bá kà á, kò ní fọwọ́ sí i. Ó ní òun ò fọwọ́ kan tirẹ̀, bó ṣe wà ló wà, ìlà méjì péré lòun fò. Ó ní ìgbátí, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, ó tán, ṣùgbọ́n ọmọ tó kú, iṣẹ́ ẹnì kan á bá a lọ, ẹni tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ lé ni dẹ́rẹ́bà tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀wé. Ó ní ọmọ yẹn sáà ti lọ, ìwé wo ló máa gbé e padà wá? Ó sọ ìyẹn tán kó tó rántí pé Ẹlẹ́yin wà níbẹ̀. Màmá lanu bí ẹni fẹ́ gba ẹnu ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ ìkókó.

Ìgbà yẹn gan-an ni Rédíò dé, ó ru ìdì aṣọ lórí, ó kó obìnrin méjì láti ìparí àdúgbò wá wo ọmọ. Ọ̀yàyà wọn kún yàrá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kí i pé ẹ kú ewu ọmọ o.

"Ewu iná kì í pa àwòdì," Màmá dáhùn. Ẹnu tó ti mọ́ ọn lára ló fi sọ ọ́, kò mọ ìgbà tó jáde.

"Ó ń pa á, Màmá," aránṣọ wí. "Ó pa ti Ẹlẹ́yin. Díẹ̀ ló kù kó pa tèmi náà."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àwọn àlejò. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wo ilẹ̀kùn. Aránṣọ ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n jókòó, kò ní pẹ́. Ó fa bébà rúsúrúsú rẹ̀ jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbọn òwú àti ègé aṣọ kúrò lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò gbóhùn sókè. Dẹ́rẹ́bà pe orúkọ tó máa ń pè é nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò dá a lóhùn, ó ń kà á lọ. Ó ní òun ti ń dákẹ́ láti ìgbà tí òun ti bímọ, ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ka ìgbátí. Ó ka ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ó wá ka igbe Ẹlẹ́yin, gbogbo rẹ̀, títí dé ibi tí ohùn rẹ̀ ti há.

Ẹlẹ́yin tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn ń mi orí lọ́kọ̀ọ̀kan bí aránṣọ ṣe ń kà á, bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹrù rẹ̀ padà fún.

Dẹ́rẹ́bà dìde, ó jáde síbi mọ́tò. Wọ́n gbọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n gbọ́ tó tì í, wọn ò sì gbọ́ kó ṣáná sí i. Nínú ilé, ojú Màmá wà lára Ẹlẹ́yin bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Rédíò ló kọ́kọ́ mira. Ó sọ ìdì aṣọ kalẹ̀, aṣọ oníbàárà tó yẹ kó ti gbé dé ilé wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì fa àpótí sún mọ́ aránṣọ, ó jókòó.

"Ibi igbe yẹn," ó wí, "ẹ tún un kà fún mi. Ẹ rọra kà á, kí n lè sọ ọ́ bó ṣe wà."

Aránṣọ tún un kà.